Ọ̀dọ̀ ta ni kẹ́ ẹ kọ ìwé àbá yín sí? Ìfiwéra àwọn onígbọ̀wọ́ fún àjọ aláàánú kéékèèké

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025 tí Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID, àjọ ìrànwọ́ wọn fún òkè òkun, pa, ìwé àbá ti pọ̀ nígboro ju owó tí à ń fi wọ́n tọrọ lọ. Ẹgbẹ́ kan á kọ ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n á máa pààrọ̀ orúkọ onígbọ̀wọ́ tó wà lókè rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ogún ibi. Bí èsì ò bá dé, wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ni ò dáa, wọ́n á wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sanwó fún un kó tún un kọ. Èmi ò rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń pa ìwé àbá. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n dá padà, ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ná irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ bẹ ẹni tó ń kọ́lé pé kó san owó oṣù, ẹ tún bẹ ẹni tó ń san owó oṣù pé kó kọ́lé: bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yín dùn tó, òfo lẹ máa bá bọ̀.

Kí àlàyé yìí lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni mo máa gbé lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ká ní ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní Èrúwà, ní Ìbàràpá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi jákì fún omi rẹ̀, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n sì ń yan án lórí ààrò igi tí èéfín rẹ̀ ò ríbi gbà jáde. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ kọ́ ibùdó gàrí tí ààrò rẹ̀ ní ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde lókè òrùlé. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n sì kọ́ obìnrin 60 bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó ọjà. Ká fi gbogbo rẹ̀ sí ₦30 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ yìí ò sí níbì kan, èmi ni mo dá a sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ, iye owó inú rẹ̀ náà sì jẹ́ àpẹẹrẹ. Àwọn onígbọ̀wọ́ tí mo máa dárúkọ ló wà lóòótọ́.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Èyí ò gba àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ ká sáré kọjá níbẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ọdún 2020, ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń rí i pé owó ìwà ọ̀daràn ò gba inú ẹgbẹ́ kọjá, nọ́ńbà owó orí, àkáǹtì báńkì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ (kì í ṣe orúkọ alága o), àti ìwé owó tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò. Èyí táwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé ni annual returns, ìwé tí ẹgbẹ́ fi ń jíyìn lọ́dọọdún. Òfin ní kí àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC láàárín 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá, tí ẹnì kan wá orúkọ yín lórí ìkànnì CAC, INACTIVE, ìyẹn pé ẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ló máa bá níwájú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ onígbọ̀wọ́ tó jókòó sí Àbújá kò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti rí ìyẹn, kò sì ní pè yín pé kí ló fà á.

Japan tàbí Kánádà

Ilé iṣẹ́ aṣojú àwọn méjèèjì ń fún ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ lówó tààrà, láìgba ọwọ́ NGO ńlá òkè òkun kọjá. Ibẹ̀ ni ìjọra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí.

Owó Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní GGP, ohun tójú rí tọ́wọ́ bà ló ń rà: ilé, kànga, ẹ̀rọ, àga ilé ẹ̀kọ́, ohun èlò ilé ìwòsàn. Kì í san owó oṣù, kì í ra epo jẹnẹrétọ̀, kì í san háyà ọ́fíìsì. Nínú iṣẹ́ Èrúwà wa yìí, ibùdó, ààrò, kànga àti ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ bá a mu bí ìbọ̀wọ́. Ẹ̀kọ́ ìwé owó kò bá a mu, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tì í wọlé. Àwọn kan máa ń fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pa mọ́ sábẹ́ orí "ohun èlò", wọ́n rò pé ẹni tó ń kà á ò ní rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí i.

Ohun tó ń mú kí ìwé àbá lágbára lọ́dọ̀ Japan kì í ṣe ìtàn tó ń mú omi bọ́ lójú. Wọ́n fẹ́ ìwé iye owó láti ọwọ́ oníṣòwò mẹ́ta fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó máa tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, torí àwọn ò ní wà níbẹ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ Èrúwà ti lè ta gbogbo ẹgbẹ́ yòókù yọ nìyí: kí wọ́n kọ iye tí obìnrin kọ̀ọ̀kan máa san lórí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan tó bá lọ̀, ẹni tó máa gba owó náà, àkáǹtì tó ń lọ, àti orúkọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò tó ti gbà láti máa bójú tó ẹ̀rọ. Bí Kábíyèsí tàbí baálẹ̀ bá fi ilẹ̀ tọrẹ, kí wọ́n gba ìwé, kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó nilẹ̀ buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ilẹ̀ ti dá iṣẹ́ tó dáa dúró ju àìrówó lọ.

Ti Kánádà, tí wọ́n ń pè ní CFLI, yàtọ̀ pátápátá. Kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 dọ́là Kánádà lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gbà á kì í sì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìpàdé, ìwádìí, àti ètò tí obìnrin fi ń gba ẹ̀tọ́ wọn. Láti ọdún 2017 tí Kánádà ti gbé ìlànà ìrànwọ́ tó fi obìnrin ṣíwájú jáde ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ẹgbẹ́ bá àwọn obìnrin tàbí ọmọbìnrin tọ́rọ̀ kàn jíròrò kó tó kọ ìwé rárá. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ jókòó, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, àti ohun tí wọ́n sọ tó yí èrò yín padà. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, ó fẹ́ jọ pé ẹ kàn lọ kí wọn ni.

Àkókò ló máa ń ká èèyàn mọ́ lọ́dọ̀ Kánádà. Ọdún ìnáwó ìjọba wọn ń parí ní 31 oṣù Kẹta, iṣẹ́ yín sì sábà gbọ́dọ̀ ti parí kó tó dìgbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá buwọ́ lùwé ní àárín ọdún, oṣù díẹ̀ ló kù, òjò sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti da kọnkéré rí ní Ìbàràpá nínú oṣù Kẹsàn-án mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣeé ṣe nínú òjò. Ìpìlẹ̀ ilé ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ẹgbẹ́ Èrúwà, ilé àti ẹ̀rọ máa lọ sọ́dọ̀ Japan, ìwé owó ọjà àti bí àwọn obìnrin ṣe lè jọ dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn tó ń wá ra gàrí láti Èkó máa lọ sọ́dọ̀ Kánádà. Nínú ìwé méjèèjì ni mo ti máa sọ pé mo ń wá èyí tó kù níbòmíràn. Onígbọ̀wọ́ kì í bínú pé ẹlòmíì wà ńbẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí wọ́n san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

EU tàbí Ford Foundation

Owó ńlá lèyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ti ń fi oṣù mẹ́ta ṣòfò.

EU, ìyẹn Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní ìlànà tó le bí òkúta, ṣùgbọ́n ìlànà náà wà ní gbangba. Wọ́n á gbé ìpè jáde, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi concept note ránṣẹ́, ìyẹn àkópọ̀ èrò tí kò ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Máàkì 50 ni wọ́n ń fún un. Ẹni tí kò bá gba 30, wọn kì í wo ìyókù ìwé rẹ̀. Àtẹ máàkì náà máa ń wà nínú ìwé ìlànà ìpè fúnra rẹ̀, lẹ́yìn pátápátá níbi tí ojú ti máa ń rẹ èèyàn kó tó débẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ní ìpínrọ̀ tó dá a lóhùn nínú ìwé yín, ní ibi tí ojú á ti tètè rí i. Ẹni tó ń fún yín ní máàkì ní ìwé rẹpẹtẹ níwájú. Bó bá ń wá ìdáhùn kiri, ẹ ti pàdánù.

Lẹ́yìn náà ni logframe dé, àtẹ tó so ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe mọ́ ohun tó máa yí padà. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà lábẹ́ rẹ̀: báwo ni nǹkan ṣe wà báyìí, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí nígbà tẹ́ ẹ bá parí, kí sì ni a máa fi mọ̀? Fún ibùdó gàrí, "ìlera àwọn obìnrin á sunwọ̀n sí i" kì í ṣe ìdáhùn. "Iye obìnrin tó ń yan gàrí ní ìdí ààrò tí kò ní ọ̀pá èéfín á dín láti 64 sí 10 láàárín oṣù 18, a ó sì kà wọ́n ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà" ni ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ẹgbẹ́ Èrúwà ò lè dá ìpè EU jẹ́. Owó tó kéré jù tí wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ béèrè pọ̀ ju ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ná rí, wọ́n sì sábà máa ń ní kẹ́ ẹ wá ìpín kan nínú owó náà fúnra yín. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń gbà á kò pọ̀. EU ń jẹ́ kí àjọ ńlá tó bá gba owó wọn pín lára rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kéékèèké, tó fi lè dé €60,000 fún ẹgbẹ́ kan. Àjọ ńlá náà ló máa kọ logframe, òun ló máa bá ọ́dítọ̀ fà á. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó mọ ọ̀nà dé ìdí ààrò. Lẹ́tà ojú ìwé méjì sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kí ìpè tó jáde, tó sọ ibi tẹ́ ẹ wà, iye èèyàn tẹ́ ẹ ń bá ṣiṣẹ́, àti ìwé owó yín tó mọ́, níye lórí ju ìwé àbá olójú ìwé 40 lọ.

Ford ò jọ èyí rárá. Ọ́fíìsì wọn ti wà ní Èkó láti ọdún 1960, ọdún òmìnira. Àìdọ́gba láwùjọ lọ̀rọ̀ wọn dá lé, wọn kì í kọ́ ibùdó gàrí. Wọ́n lè fẹ́ gbọ́ ìdí tí ẹni tó yan gàrí fi jẹ́ ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ẹni tí gàrí náà gba ọwọ́ wọn kọjá, àti òfin tàbí àṣà tó fà á. Àjọṣe ló ń gbé owó wọn wá ju fọ́ọ̀mù lọ: èrò kúkúrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, òṣìṣẹ́ wọn á sì bá yín sọ ọ́ síwá sẹ́yìn kí ìwé tó di ìwé. Torí pé àjọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, òfin owó orí ilẹ̀ wọn tún mú kí wọ́n máa yẹ ẹgbẹ́ òkè òkun wò fínnífínní kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Fún ẹgbẹ́ Èrúwà, mo máa ní kí wọ́n gbàgbé Ford lọ́dún yìí. Kì í ṣe pé wọn ò tó o, iṣẹ́ wọn kì í ṣe irú rẹ̀ ni.

Ibi tí ìyàtọ̀ méjèèjì ti hàn jù ni owó tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ: owó iná, owó akàwé (ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó), háyà, owó ọ́dítọ̀. EU ń san tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ford gbé tiwọn dé ìdá 25 lọ́dún 2023. Ẹ fi ₦30 mílíọ̀nù wa ṣírò rẹ̀: ₦2.1 mílíọ̀nù níhìn-ín, ₦7.5 mílíọ̀nù lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ tó ń gba 7 lọ́dọọdún láìmọ bó ṣe ń ṣe é máa ń kú díẹ̀díẹ̀, akàwé á lọ, ìwé owó á dàrú, ọdún tó tẹ̀ lé e wọn ò ní lè ta pútú. Bó bá jẹ́ EU lẹ dojú kọ, ẹ má fi gbogbo owó akàwé sábẹ́ 7 yẹn. Bó bá ń lo ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, ẹ kọ ọjọ́ méjì yẹn sínú owó iṣẹ́ gan-an, kó sì máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Ó bófin mu, àwọn NGO ńlá ń ṣe é lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ obìnrin ló ń darí ẹgbẹ́ yín

African Women's Development Fund wà ní Accra, ní Gánà. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2000, Bisi Adeleye-Fayemi tó di ìyàwó gómìnà Èkìtì lẹ́yìn náà wà lára àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí obìnrin ń darí ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n máa wo orúkọ àwọn tó buwọ́ lùwé báńkì. Bí obìnrin 60 bá wà nínú iṣẹ́ tí ọkùnrin mẹ́ta sì ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ má dá ara yín láàmú.

Ilé iṣẹ́ ńlá nílé, tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lókè òkun

Àjọ aláàánú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wa ń fún NGO lówó. ACT Foundation ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, jẹ́ ọ̀kan tó ń pè fún ìwé àbá ní gbangba, lórí ìlera, òwò, àyíká àti ìdarí. Iṣẹ́ Èrúwà lè gba ẹnu ọ̀nà ìlera wọlé, ó lè gba ti òwò, ó lè gba ti àyíká. Ẹ mú ọ̀kan. Ìwé tó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta pọ̀ á há síta. Àwọn onígbọ̀wọ́ ilé yìí fẹ́ràn ohun tó kúrú, iye èèyàn tó ṣe láǹfààní, àti iṣẹ́ tí àwòrán rẹ̀ máa yọ dáadáa. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, owó wọn ni.

Ẹ má ṣi Tony Elumelu Foundation gbé. $5,000 tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́ oníṣòwò kì í ṣe ti NGO. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin gàrí yín bá ní okòwò tirẹ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ kó kọ tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Peckham tàbí Houston ńkọ́? Ọ̀pọ̀ NGO ò kà wọ́n sí onígbọ̀wọ́, torí pé WhatsApp ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ló ń san ohun tí ẹlòmíì kì í san: owó ìwádìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, owó oṣù olùṣọ́, owó àtúnṣe. Tí ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi charity, ìyẹn àjọ aláàánú, tó sì ń gba Gift Aid, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì á fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fún ẹgbẹ́ tó ní 501(c)(3), ìyẹn tí òfin owó orí ti kà sí àjọ aláàánú, lówó lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí. Bó bá fi ránṣẹ́ sí Èrúwà tààrà, kò lè yọ ọ́. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè owó.

Aburú rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ yín jù. Wọ́n mọ àdúgbò tẹ́ ẹ ti wá, wọ́n á sì béèrè ìdí tí ibùdó náà ò fi sí àdúgbò tiwọn. Japan kì í béèrè ìyẹn. Ìwé àbá tí ẹ máa kọ sí wọn kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n kó sọ ìdí tẹ́ ẹ fi mú ibi tẹ́ ẹ mú, pẹ̀lú iye obìnrin tó ń yan gàrí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Rìsíìtì pẹ̀lú. Àwọn alábòójútó charity ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ lè fi hàn ibi tí owó náà wọlé sí, kódà bó bá jẹ́ àbúrò ìyá wọn ló gbà á.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Èyí ni irú ìpínrọ̀ tí mo máa ń rí jù:

"Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé. Àjọ WHO sọ pé èéfín inú ilé ló fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020. Àwọn obìnrin ìgbèríko ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi fẹ́ ró àwọn obìnrin lágbára."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì wúlò. Ẹgbẹ́ tó wà ní Kàdúná lè kọ ọ́, ti Tanzania náà lè kọ ọ́. Ẹ wo èkejì, iye tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ fi tiyín sí i:

"Obìnrin 64 ló ń yan gàrí ní ibùdó mẹ́ta ní Èrúwà. Ní oṣù Kejì a jókòó ti gbogbo wọn. 41 ní ojú ń ta àwọn tàbí ń ṣomi lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá yan gàrí, 17 ti dín ọjọ́ iṣẹ́ wọn kù nítorí rẹ̀. Kò sí ààrò kan níbẹ̀ tó ní ọ̀pá èéfín."

Ìpínrọ̀ kejì yìí ló ṣeé gbé kiri. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló máa yí padà. Fún Japan: ọ̀pá èéfín mélòó, irin wo, ta ló máa rọ ọ́. Fún Kánádà: ta ló ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, kí ni àwọn obìnrin fúnra wọn sọ pé àwọn fẹ́. Fún EU: 41 yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀, mélòó ló máa kù? Fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: ibùdó wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, kí ló fà á? Irú ìkànìyàn bẹ́ẹ̀ kì í gbówó lórí. Ìbàràpá gan-an kì í ṣe ibi tí ìwádìí ṣàjèjì sí: láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera agbègbè níbẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wà ní Ìgbò-Ọrà. Ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ṣe tiyín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ lọ.

Ìlà kan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì

Ìlà kan tí mò ń rí nínú ìwé àbá lemọ́lemọ́: "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ₦2,000,000." Ó tán.

Ẹ tú u palẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin 60. Oúnjẹ ₦2,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ₦450,000. Owó ọkọ̀ fún obìnrin 25 tó ń bọ̀ láti Lánlátẹ̀, ₦1,500 lójúmọ́, ₦112,500. Olùkọ́ méjì, ₦40,000 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦240,000. Ìwé àkọsílẹ̀ owó 60, ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦72,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦874,500.

Ibo ni ₦1,125,500 tó kù wà? Ìbéèrè tí ẹni tó ń kà á máa bi ara rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní bi yín. Bó bá jẹ́ pé owó yàrá ìpàdé àti jẹnẹrétọ̀ wà ńbẹ̀, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tó kéré tó sì ṣeé tú palẹ̀ lágbára ju èyí tó wú lọ, lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ yìí.

Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fi ṣẹ́ dọ́là sí náírà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò pé ₦500 ní iye ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ ti òkè òkun rí náírà púpọ̀ gbà, ó sì ní láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi owó tó lé ṣe. Ẹgbẹ́ tó buwọ́ lùwé ní náírà rí i tí irin àti sìmẹ́ńtì sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ ilé tó ń san náírà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé bóyá ẹ lè yí iye ọjà padà bí owó bá yí, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn náà ní ímeèlì. Ìwé iye owó tí oníṣòwò kọ ní oṣù Kíní kò ní ṣeé lò ní oṣù Kẹwàá.

Èwo ni kí ẹgbẹ́ Èrúwà kọ́kọ́ kọ?

Tó bá jẹ́ èmi, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo máa kọ́kọ́ kọ sí, owó kékeré, kí n fi ka àwọn obìnrin náà kí n sì fi gba ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà Japan fún ilé àti ẹ̀rọ. Kánádà nígbà tí ìpè wọn bá jáde, bí ó bá ku oṣù tó tó kí òjò tó dé tàbí bí iṣẹ́ náà ò bá ní ìkọ́lé nínú. Lẹ́tà sí àjọ ńlá tó ń bá EU ṣiṣẹ́ lè máa lọ lábẹ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, kò náni ní nǹkan kan. ACT tàbí irú rẹ̀ nígbà tí ìwé owó ọ́dítọ̀ bá ti pé ọdún méjì. Ẹgbẹ́ tó wà ní Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òfin àti ẹ̀tọ́, tó ti ní akàwé àti ọ́dítọ̀, lè dojú gbogbo ètò yìí dé kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ford.

Bí ìdáhùn "rárá" bá dé, ẹ kọ̀wé padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. EU sábà máa ń sọ máàkì tẹ́ ẹ gbà àti ibi tẹ́ ẹ ti jábọ́. Ilé iṣẹ́ aṣojú kì í sábà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè dáhùn láìrú òfin wọn: ṣé irú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n máa ń san owó fún, tàbí kò sí? Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má tún un kọ sí wọn. Bí wọ́n bá ní ó wà, ẹ béèrè oṣù tí ìpè tó ń bọ̀ máa jáde.